Wáyà Cat6 àti àwòrán: ìdáhùn fún akọ̀wé mọ́ṣáláṣí kan ní Kubwa

Òǹkàwé kan tó jẹ́ akọ̀wé mọ́ṣáláṣí àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Kubwa, l'Ábújá, kọ̀wé sí wa báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A gbé projector sí iwájú gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe àsàlátù, kọ̀ǹpútà sì wà lẹ́yìn pátápátá lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Nǹkan bíi mítà 45 ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá wa ṣe é na wáyà Cat6 gba òkè àjà, ó sì fi àpótí kékeré kan sí ìpẹ̀kun rẹ̀ níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Láàárọ̀ àwòrán á mọ́ kedere. Tí a bá ti tan amúlétutù, tàbí tí wọ́n mú iná NẸ́PÀ tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, àmì funfun wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú àwòrán, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó padà. A tún fẹ́ kí àwọn ìyá wa tó wà nínú ilé kejì, tó tó mítà 70 sí gbọ̀ngàn, máa rí oníwàásù. A ki wáyà náà bọ suíìṣì íntánẹ́ẹ̀tì wa, kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹnì kan ní Cat6 kì í ṣe wáyà àwòrán, ká lọ ra HDMI gígùn. Ẹlòmíràn ní ṣebí CCTV ń lo Cat6 dé ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?”

Àlàájì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ̀wé pé “àwòrán wa kò dáa” láìsọ ìgbà tó ń bàjẹ́ àti bó ṣe ń bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni oníṣẹ́ ti máa ń rí ojú ọ̀rọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí amúlétutù bá gbéra àti èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá yí sí jẹnẹrétọ̀ jọ ara wọn lójú, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí orísun wọn yàtọ̀. Ti ilé àwọn ìyá jẹ́ ẹ̀kẹta, kò sì bá àwọn méjèèjì tan rárá. Màá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Nínú irú iṣẹ́ yìí, wáyà tó wà lókè àjà kì í sábà jẹ́ ọ̀daràn. Orí tí wọ́n fi sí i àti àpótí tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Ẹni tó ní Cat6, wáyà tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe wáyà àwòrán kò purọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Bí ẹ bá bó awọ rẹ̀, ẹ ó bá wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú rẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì, tó fi di pẹ́à mẹ́rin: ti àwọ̀ ọsàn, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù àti ti búráùn. Nínú lílọ́ yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Ohun tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́ nínú ọ̀kan, òdì rẹ̀ gan-an ló ń fi ránṣẹ́ nínú èkejì. Nígbà tí ariwo iná bá wá láti ìta, láti ara wáyà amúlétutù tàbí ti gílóòbù, ó máa ń ba àwọn méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, nítorí pé bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ra yẹn, kò sí èyí tó pẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ariwo náà ti ń wá. Ẹ̀rọ tó ń gbà á ní ìpẹ̀kun kì í ka ohun tó wà nínú wáyà kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló ń kà, nítorí náà ohun tó bá wọ inú àwọn méjèèjì bákan náà á pa ara rẹ̀ rẹ́. Alexander Graham Bell, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ tẹlifóònù, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1881. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú wáyà HDMI fúnra rẹ̀, nítorí pé pẹ́à mẹ́rin ló ń gbé àwòrán níbẹ̀, mẹ́ta fún àwòrán, ọ̀kan fún aago tó ń darí wọn. Wáyà tí a lọ́ kò bá àwòrán ṣọ̀tá. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bí àmì tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀ ṣe yára tó, àti bóyá ẹnikẹ́ni tún un ṣe kó tó wọlé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ CCTV ti wọlé. Kámẹ́rà àtijọ́ tó ń lo wáyà onírin kan láàárín máa ń gbé àmì tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi fọ́ltì (volt) 1 lọ, tí ìyára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi megahertz 6 lọ, ìyẹn ìgbà mílíọ̀nù mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Cat5e, tó ṣáájú Cat6, wọ́n ṣe é láti gbé megahertz 100, Cat6 sì ń gbé 250. Ẹrù kékeré ni àmì bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ìwọ̀n tí wáyà kámẹ́rà fi ń gba àmì jẹ́ ohm 75, ti Cat6 jẹ́ ohm 100, ọ̀kan sì ń rìn ní ẹyọ nígbà tí èkejì ń rìn ní pẹ́à. Ohun roboto kékeré tí àwọn oníṣẹ́ CCTV ń pè ní balun ló ń bá wọn ṣe ìlàjà, àwòrán á sì rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Kámẹ́rà tòde òní tó jẹ́ IP, ìyẹn èyí tó ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tún yàtọ̀ sí ìyẹn, torí inú kámẹ́rà níbẹ̀ ni wọ́n ti fún àwòrán pọ̀ di kékeré, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí WhatsApp tàbí ímeèlì lójú suíìṣì. Ẹ wá fi HDMI wé e: àwòrán 1080p (1920×1080) tó ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń ti gigabit 1.485 gba inú pẹ́à kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìfún un pọ̀ rárá. Àmì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò pé nanosecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ní “ṣebí CCTV ń lo Cat6” rí wáyà, kò rí ẹrù tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mọ̀ nípa gbọ̀ngàn yín ni ìdílé tí àpótí méjì yẹn ti wá, nítorí pé ìdílé mẹ́ta ni wọ́n, ihò RJ45 kan náà, ibi tí orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀, ló sì wà lára gbogbo wọn, èyí tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ìdílé kìíní ni èyí tó ń da àmì HDMI sínú Cat6 bó ṣe wà, bóyá kó kàn fi agbára díẹ̀ kún un. Òmíràn nínú wọn máa ń béèrè wáyà Cat6 méjì, ọ̀kan fún àwòrán, èkejì fún ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ. Olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n, wọ́n á kọ mítà 30 sí ara páálí, wọ́n á kọ 60 sí òmíràn, mítà 10 tàbí 15 tó dára ni mo sì máa ń fọkàn sí. Ìṣòro wọn kò mọ sí pé àmì ń rẹ̀wẹ̀sì lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe Cat6 mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ pẹ́à kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ sí ti èkejì, kí wọ́n má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Wáyà tí wọ́n lọ́ jù máa ń gùn ju èyí tí wọ́n lọ́ díẹ̀ lọ tí ẹ bá tú u, nítorí náà ohun tó gbéra pa pọ̀ kì í dé pa pọ̀. Òfin wáyà fàyè gba ìyàtọ̀ tó tó nanosecond 45 láàárín pẹ́à nínú mítà 100. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ní ọgbọ́n tó fi ń dúró de èyí tó pẹ́. Nígbà tí àmì kọ̀ọ̀kan kò pé nanosecond kan, tí èyí tó kẹ́yìn sì lè fi ọ̀pọ̀ nanosecond pẹ́, HDMI tí a kò tún ṣe kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìdílé kejì ni HDBaseT, tí ẹgbẹ́ kan tí LG, Samsung, Sony Pictures àti Valens dá sílẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2010. Òun máa ń tú àmì HDMI palẹ̀, á sì tún un kọ ní ọ̀nà tí pẹ́à mẹ́rin Cat6 lè gbé, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú àṣẹ rìmóòtù, àti iná tí àpótí kejì máa lò bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó pé nínú wọn máa ń dé mítà 100 pẹ̀lú 1080p. Èyí tí owó rẹ̀ fúyẹ́ máa ń dé mítà 70, ti 4K rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 40 lọ. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì o, wáyà kan ṣoṣo láti àpótí dé àpótí ló mọ̀, suíìṣì kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ìdílé kẹta ni èyí tó ń fún àwòrán pọ̀ bíi ti kámẹ́rà IP, tó lè gba inú suíìṣì kọjá, tó sì lè pín àwòrán kan fún ojú amóhùnmáwòrán mẹ́wàá. Ẹ ní tiyín kò gbé nǹkan kan jáde nínú suíìṣì, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ìdílé kẹta. Àmì funfun wínníwínní tí ẹ ń rí jẹ́ àpẹẹrẹ HDMI tí àwọn àmì rẹ̀ ń ṣìnà lójú ọ̀nà, èyí tó mú kí n fura gidigidi sí ìdílé kìíní. Ẹ yí àpótí náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: tí ẹ kò bá rí HDBaseT lára rẹ̀, kì í ṣe òun, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ.

Orí wáyà wá ńkọ́? Ibí yìí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, torí pé mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn àti ọ́fíìsì káàkiri Àbújá, èmi àti oníṣẹ́ sì ti jà sí i. Oníṣẹ́ á bó wáyà, á to àwọn àwọ̀ bó ṣe dùn mọ́ ọn lójú, tọkọtaya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: funfun ọsàn, ọsàn, funfun ewé, ewé, funfun búlúù, búlúù, funfun búráùn, búráùn. Á to ìpẹ̀kun kejì bákan náà, á ki orí méjèèjì bọ tẹ́sítà, iná tẹ́sítà á tàn láti 1 dé 8 lẹ́sẹẹsẹ, ó parí, owó dà? Tẹ́sítà yẹn kò mọ̀ ju pé ẹsẹ̀ 1 dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ 1 lọ. Kò mọ ẹni tí wọ́n lọ́ mọ́ ẹni. Ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí ka ẹsẹ̀ 1 àti 2 sí pẹ́à kan, 3 àti 6 sí pẹ́à kan, 4 àti 5, lẹ́yìn náà 7 àti 8. Lórí títò tí mo kọ sókè yẹn, ẹsẹ̀ 3 jẹ́ funfun ewé, ẹsẹ̀ 6 sì jẹ́ búlúù, méjì tí wọn kò bá ara wọn lọ́ rárá. Ẹsẹ̀ 4 àti 5 wá di ewé pẹ̀lú funfun búlúù. Ariwo tó bá wọlé kò ní ba wọn bákan náà mọ́, pẹ́à méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ sínú ara wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Íntánẹ́ẹ̀tì lè rọ́ra ṣiṣẹ́ lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà kò bá jìn, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ á fi búra pé wáyà òun dá pé. Ẹ tò ó báyìí: kí ahọ́n ike tí ẹ máa ń tẹ̀ lára orí RJ45 kọjú sí ilẹ̀, kí wáyà kọjú sí yín, láti ọwọ́ òsì kí ẹ ka funfun ọsàn, ọsàn, funfun ewé, búlúù, funfun búlúù, ewé, funfun búráùn, búráùn, ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Kí ibi tí wọ́n ti tú lílọ́ rẹ̀ má ju mìlímítà 13 lọ. Ẹ wo inú orí tó mọ́ gaara yẹn fúnra yín, kò gba ìmọ̀ kankan, ojú lásán ló gbà.

Ohun kejì tí ẹ lè fi ojú rí ni ohun tí wọ́n fi ṣe wáyà náà. Púpọ̀ nínú Cat6 tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú, páálí rẹ̀ sì jọ ti ojúlówó. Alumíníọ̀mù ń gbé iná ní nǹkan bíi ìdá 61 nínú 100 ohun tí bàbà ń gbé, ó tètè ń kán níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, tí àpótí bá sì ń gba iná gba inú wáyà náà, iná á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà mélòó kan láti ibi tó ṣẹ́kù, ẹ fi bíléèdì ha ẹyọ kan. Bí àwọ̀ pupa bàbà bá dé inú, ó dára. Bí inú bá funfun bíi fàdákà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà. Lórí mítà 45, wáyà bẹ́ẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà kọ̀ láti ṣiṣẹ́, àmọ́ èmi kò ní fi àpótí olówó gọbọi sí ẹnu rẹ̀.

Nípa iná, ẹ jẹ́ ká ya méjì sọ́tọ̀. Tí àmì funfun bá bẹ̀rẹ̀ ní gbàrà tí amúlétutù gbéra, tí kò sì dá títí ó fi sinmi, ariwo iná ló ń wọ inú wáyà. Mo fẹ́ kí ẹ gun òkè àjà lọ wò ó bóyá wọ́n di Cat6 pọ̀ mọ́ wáyà amúlétutù, tàbí wọ́n ki méjèèjì bọ páìpù kan. Wọ́n sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí páìpù kan dín owó kù. Kí Cat6 jìnnà sí wáyà iná ní ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán níbi tí wọ́n bá ti jọ ń lọ, níbi tí wọ́n bá sì ti gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì. Tí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń dúdú nígbà tí iná yí, tó sì padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, wáyà lè má mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti projector máa ń kọ́kọ́ kíra wọn kí àwòrán tó kọjá: projector á sọ irú àwòrán tí òun lè gbà, wọ́n á sì wádìí ara wọn lórí ọ̀rọ̀ àṣẹ ìdáàbòbò. Àpótí kékeré tí adápítọ̀ rẹ̀ pàdánù iná fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá á kú, á tún jí, ìkíni á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí ojú fi dúdú nìyẹn. UPS kékeré kan (ẹ̀rọ alábátìrì tí kì í jẹ́ kí iná já) fún àpótí tẹ̀yìn, òmíràn fún àpótí iwájú, lè parí ẹ̀sùn yẹn láìfọwọ́ kan wáyà. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ títí tí rọ́ọ̀gì fi ń ta èèyàn lọ́wọ́, fífọwọ́ kan irin ara àpótí náà nìkan lè dá ìkíni yìí dúró, ó sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú torí pé kò sí iná tó yí rárá.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí àmì funfun bá ń yọ, ẹ lọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ sọ ìwọ̀n àwòrán kalẹ̀ láti 1920×1080 sí 1280×720. Ẹrù tó ń gba inú wáyà á dín sí ìdajì lójú ẹsẹ̀. Tí àmì funfun bá lọ pátápátá, ó dájú pé ọ̀nà tí àmì ń gbà ni àìsàn wà, pé kọ̀ǹpútà àti projector ń jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ wo ìwé projector yín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ projector tí wọ́n ń lò ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, 1280×800 ni ojú wọn gan-an, bí ẹ bá tilẹ̀ fi 1080p ránṣẹ́, ńṣe ló máa rán an kù. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, tí ohun tí ẹ ń fi hàn kò ju ẹsẹ Kùránì, àdúà àti orúkọ àwọn tó ń gba ìkíni lọ, kò sí ohun tó burú tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 720 títí lọ. Mo mọ̀ pé àwọn akẹgbẹ́ mi kan kì í fẹ́ kí wọ́n sọ èyí fún oníbàárà.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ná owó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́jà. HDMI oníbàbà tó gùn tó mítà 45 tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú, ẹ gbàgbé rẹ̀, ó nípọn, orí rẹ̀ kì í gba inú páìpù, ọ̀nà náà sì ti jìn jù fún un. HDMI tó ní fíbà nínú, ìyẹn okùn gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àmì, lè gbé e láìsí wàhálà, ó fúyẹ́, ariwo amúlétutù kò sì kàn án. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ló ń rìn, tí wọ́n bá ki orí tó yẹ kó wà níwájú sí ẹ̀yìn kò ní ṣiṣẹ́, tí eku bá sì gé e jẹ lókè àjà, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ lẹ máa fà jáde. Àwọn tó ń ya fídíò ayẹyẹ fẹ́ràn SDI, tó ń lo wáyà kan ṣoṣo bíi ti dísì, tó sì ń dé nǹkan bíi mítà 100 fún 1080p. Ó lágbára, àmọ́ ẹ ó ra ẹ̀rọ tó ń yí HDMI padà sí SDI àti èyí tó ń yí i bọ̀ sípò, ẹ ó sì tún na wáyà mìíràn. Fún gbọ̀ngàn yín, tí Cat6 bá jẹ́ bàbà, HDBaseT ni màá yàn: ẹ tún orí wáyà ṣe, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, ẹ fi àpótí HDBaseT méjì rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ó wọ́n ju èyí tí ẹ ń lò lọ ní ìlọ́po, n kò ní tàn yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí ẹ dán an wò lórí wáyà tiyín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pátápátá. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ kì í kọ̀.

Ilé àwọn ìyá kò gba bàbà. Ti pé mítà 70 wà lábẹ́ mítà 100 kọ́ ni mò ń rò. Ilé méjì tí iná wọn ń bọ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wáyà ilẹ̀ wọn kò sì bá ara wọn mu, kì í dúró ní ìwọ̀n iná kan náà, bí ẹ bá sì so wáyà oníbàbà mọ́ wọn láàárín, iná tí kò yẹ kó rìn á máa gba ibẹ̀ rìn. Ìyẹn gan-an kéré sí ti àrá. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò Àbújá ń sán, mànàmáná kò ní láti balẹ̀ sórí wáyà yín kó tó ṣe é níbi. Tó bá balẹ̀ nítòsí, wáyà gígùn tó nà láàárín ilé méjì á gbé agbára rẹ̀ wọlé ní apá méjèèjì, á sì sun àpótí, suíìṣì, àti bóyá projector. Awọ Cat6 tí wọ́n ṣe fún inú ilé kì í sì í pẹ́ nínú oòrùn tó ń mú níhìn-ín kó tó sán. Ẹ na fíbà tí wọ́n ṣe fún ìta, èyí tí kò ní irin nínú, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ nínú páìpù. Lórí rẹ̀, ẹ lè lo ẹ̀rọ tó ń gbé HDMI sórí fíbà tààrà, tàbí kí ẹ lo àpótí ìdílé kẹta pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí fíbà. Èyí tó kẹ́yìn yìí rọrùn láti fẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi kún ojú amóhùnmáwòrán lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ ẹ fún un ní suíìṣì tirẹ̀, nítorí tí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, ó lè da àwòrán sí gbogbo ihò suíìṣì, Wi-Fi gbogbo èèyàn á sì dùbúlẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìdílé kẹta yìí kí àwọn ìyá tó fẹjọ́ yín sùn. Fífún àwòrán pọ̀ àti títú u ń gba àsìkò, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lára èyí tí owó rẹ̀ kéré. Tí ohùn bá bá àwòrán gba inú àpótí kan náà kọjá, wọ́n á jọ pẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí ó bá jẹ́ pé inú wáyà agbóhùnsókè ni ohùn gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu oníwàásù á máa lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí fèrèsé bá sì ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ìwo agbóhùnsókè gbọ̀ngàn láti òkèèrè, ìyẹn náà á tún dá tirẹ̀ dé, torí ohùn ń lo nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá láti rin mítà 70 nínú afẹ́fẹ́. Fún ìwàásù, mo gbà pé kí ohùn bá àwòrán rìn. Ti ìrun, tí wọ́n á máa fi ojú tẹ̀lé ìmáàmù lórí àwòrán, ẹ bi àwọn àáfà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀rọ HDMI orí fíbà tí kì í fún àwòrán pọ̀ kì í pẹ́ débi tí ojú máa mọ̀.

Lẹ́tà ni mo fi ń wo gbọ̀ngàn yín, n kò rí àpótí náà, n kò sì mọ ohun tó wà lókè àjà. Ó ṣeé ṣe kí orí wáyà yín dára, kí wáyà sì jẹ́ bàbà, kó jẹ́ àpótí nìkan ló kù. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti 720, ẹ wo títò àwọ̀ nínú orí RJ45, ẹ ha wáyà, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí, ní ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá sì pe oníṣẹ́ fún fíbà ilé kejì, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé kí ó na okùn mẹ́rin níbi tí méjì ti tó, torí gbígbẹ́lẹ̀ ló wọ́n níbẹ̀, okùn fíbà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí ó sì fi ìdérí sí gbogbo ẹnu fíbà tí ẹ kò lò, kí ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń nù ún, nítorí eruku ọyẹ́ tí ojú kò rí tó láti dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà.